Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Kò Lọ

Obìnrin tí ó bá fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ wa kò nílò kóòtù, bí ó bá ṣáà ti ní sùúrù. Kó bímọ, kó jẹ́ kí ọmọ náà bímọ. Lẹ́yìn náà yóò di ẹrù rẹ̀, yóò ní òun ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ òun, gbogbo àdúgbò yóò sì fi àdúrà sìn ín dé ìdíkọ̀. Oṣù mẹ́ta yóò di ọdún kan, ọdún kan yóò di mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ó kọ ọkọ. Wọn yóò ní ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀nà tí èmi náà fẹ́ gbà nìyẹn ní ọdún 1959, n kò sì sọ fún ẹnì kan.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Nígbà tí mo bí Tóyìn, ọmọ wa, ní Òndó, ìyá náà wá láti oko wọn láti máa wẹ ọmọ fún mi. Kò padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. A kò bá ara wa jà o, ìyá dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi í pé ìgbà wo ni yóò padà sílé, yóò ní ọmọ kò tíì gbó. Tóyìn ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó ti ń bá mi gúnyán, ọmọ kò tíì gbó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni ọkọ mi. Akíndúró ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ni ní Sẹkitéríátì ní Àgódì. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń sọ sí i, ṣùgbọ́n ìtàn tèmi nìyí, màá pè é bí ó bá ṣe wọ̀ mí lẹ́nu. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Kì í mutí. Kò fẹ́ ìyàwó kejì. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Òkè-Bọ́lá a máa sọ pé orí ló bá mi ṣe é, wọn kò sì purọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe. Kì í béèrè. Kì í bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà, kì í bi mí bóyá ó rẹ̀ mí, kì í bi mí ohun tí mo fẹ́. Yóò rò ó nínú ara rẹ̀, yóò parí rẹ̀ síbẹ̀, ìparí rẹ̀ ni yóò wá sọ fún mi.

Aláṣọ híhun ni mí láti ilé bàbá mi. Ní Òndó, òfì mi dúró ti ògiri yàrá, ó ga jù mí lọ, orí rẹ̀ ni mo ti ń rí owó ata àti owó ilé-ìwé Tóyìn. Nígbà tí ìjọba gbé ọkọ mi wá sí Ìbàdàn, ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ká máa di ẹrù. Aṣọ tí mo ti hun dé ìdajì ṣì wà lórí òfì. Ó ní kò sí àyè fún igi náà nínú ọkọ̀. Àpótí ìwé rẹ̀ rí àyè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé òwú náà kúrò lórí òfì, mo wá gun ọkọ̀. Láti ìgbà náà, ṣúgà àti ọṣẹ ni mò ń tà níwájú ilé Àlàájì Gàfárù onílé wa, a kò sì dárúkọ òfì láàárín ara wa mọ́. Ẹ lè gbé ìbínú mì bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kì í dà nínú.

Nígbà tí Tóyìn wá bí ọkùnrin sí Ìsàlẹ̀ Èkó níbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí onítọ̀hún fẹ́ máa lọ sí ìlú rẹ̀, ó kàn mí. Ẹni tí ó ń lọ tí yóò padà yóò kó aṣọ díẹ̀. Èmi kó gbogbo aṣọ mi. Mo ta ọjà tí ó kù nínú àpótí mi, mo sì gbé odó mi fún Nàfísátù, ìyàwó Àlàájì, mo ní kó máa bá mi lò ó. Ọkọ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n gbé odó náà kọjá níwájú rẹ̀, kò gbójú sókè. Mo sọ nínú mi pé, ó dáa, ẹ máa kàwé yín lọ.

Ó ku ọ̀tunla kí n lọ ni ó sọ fún mi pé òun ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun yóò bá mi lọ. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ọkùnrin ń sin ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi ìtọ́jú ọmọ? Ṣé òun ni yóò máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún Tóyìn ni? Ó ní Èkó erékùṣù ni, omi ló yí i ká, òun kò sì tíì fojú rí òkun rí, òun fẹ́ lọ wò ó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ìwé sétígbọ̀ọ́ ọ̀gá. Inú bí mi débi pé mo da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń sá lọ, ẹni tí mò ń sá fún ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, gbogbo ará ilé péjọ. Àlàájì Gàfárù ṣe àdúà fún wa, Nàfísátù sunkún díẹ̀, wọ́n ní ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Ìgbà tí a dé ìdí rélùwéè ní Dùgbẹ̀, a bá èrò tí wọ́n jókòó sórí ẹrù wọn, ojú wọn le. Ìjì òru ti wó igi lé ojú irin lọ́nà Abẹ́òkúta. Wọ́n ní wọ́n ń gé e lọ́wọ́, ó di ìrọ̀lẹ́ kí ọkọ̀ kankan tó lè kọjá.

Ọkọ mi yíjú sí ọ̀nà ilé. Mo ní èmi kò lọ. Ẹni tí wọ́n ti gbàdúrà fún, tí wọ́n ti sunkún lé lórí, kò gbọdọ̀ tún yọjú sínú ilé náà kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó tutù, wọn yóò ní nǹkan ń dá a padà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, àṣà ilé kò yàtọ̀ sí ti oko. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò sọ ni pé mo ti gbá yàrá náà fún ìgbà ìkẹyìn, n kò sì ní agbára láti tún un gbá. Mo ní láti ìgbà tí mo ti dé Ìbàdàn, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mọ̀, bí ìlú yìí bá ní ibòmíràn, kó jẹ́ kí n rí i kí n tó lọ.

Ó ní ó dáa, òun yóò mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ òun. A fi ẹrù sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣọ́ ẹrù níbẹ̀, a sì mú ọ̀nà pọ̀n, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, bí a ti ń rìn láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ mi.

A kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Dùgbẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ti ń rajà. Fáànù ń yí lókè, ilẹ̀ ń dán. Wọ́n gbé ère obìnrin kan síbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ fún un, mo ti kí i pé ẹ kú iṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé igi ni. Lórí àtẹ, mo rí aṣọ kan tó ní ìlà aró àti funfun. Láti òkèèrè ènìyàn yóò ní híhun ni. Mo fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ ló ṣe é, ìlà rẹ̀ kò wọnú, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sí i lójú ni. Mo dúró ti aṣọ náà pẹ́, mò ń bá ẹni tó ṣe é jà nínú mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ. Ó dúró dè mí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sábà máa ń rí.

Níta, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan fún mi. Mo mu ún dé ìdajì, mo gbé ìyókù fún un, mo rò pé yóò ní òun kò fẹ́. Ó gbà á, ó sì gbé ìgò náà sẹ́nu níbi tí ẹnu mi ti kúrò, lójú gbogbo ayé, ní Dùgbẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ojú tì mí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, inú sì tún bí mi pé ojú tì mí. Obìnrin tó ń kọ ọkọ kò gbọdọ̀ máa rí irú nǹkan báyìí.

Bí a ó ṣe dé Àgódì ló wá di wàhálà. Kẹ̀kẹ́ ni ọkọ mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́, kò wọ bọ́ọ̀sì rí. Bọ́ọ̀sì kan dúró tí ó kọjú sí Mọ́kọ́lá, ó gòkè, mo tẹ̀lé e. Kò bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ. A kọjá Mọ́kọ́lá, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Mo rí i pé ó ń wo fèrèsé, ó ń jẹ ètè. Mo ní ṣé a kò tíì dé ni. Ó ní a máa dé. Kọńdọ́kítọ̀ dúró níwájú rẹ̀ gangan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ. Abèèrè kì í ṣìnà, ọmọdé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ mi yàn láti ṣìnà. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku àwa méjì. Níkẹyìn kọńdọ́kítọ̀ ní ibi tí àwọn ń dé nìyẹn, ká sọ̀ kalẹ̀.

Bódìjà ni. Nígbà náà, igbó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà, ilẹ̀ pupa rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Àwọn ilé tuntun tí ìjọba ń kọ́ dúró káàkiri, òmíràn ní òrùlé, òmíràn kò ní. Mo wo ọkọ mi, mi ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn láti máa fi dídákẹ́ na ènìyàn nígbà náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà, a kò tíì rìn jìnnà tí òjò fi dé.

Ilé kan tí wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀ ni a sá sí. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, Sùrájù ni orúkọ rẹ̀, òun ni ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ àwọn ilé náà. Ó rí fìlà ọkọ mi àti bàtà rẹ̀, ó dìde, ó ní ẹ kú òjò o, ọ̀gá, ṣé ilé lẹ wá wò. Mo rò pé Akíndúró yóò sọ òótọ́. Ó là kàkà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ni a wá wò.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Bàbá Sùrájù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa kiri bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. Ó fi pálọ̀ hàn wá, ó fi ibi tí iná mànàmáná yóò gbà hàn wá. Ó ní inú ilé ni wọn yóò ti máa dáná, inú ilé náà ni omi yóò ti máa yọ, inú ilé kan náà ni ilé ìgbẹ́ wà. Mo bi í pé ṣé kí ènìyàn máa ṣe ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ó ní ohun tí òun náà bi wọ́n nìyẹn, wọ́n ní bí ayé ṣe ń lọ nìyí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ pẹ́ kó tó ṣíwọ́, mo ti gbàgbé pé ó ní eyín kan tó yọ síwájú díẹ̀ lápá òsì. Nígbà tí òjò pọ̀ sí i, bàbá náà padà sí ẹnu ọ̀nà láti lọ kó igi ìdáná rẹ̀ wọlé, ó ní ká máa wo ìyókù.

Yàrá kan wà lẹ́yìn pátápátá. Ògiri rẹ̀ gùn, ó tẹ́jú, fèrèsé wà lápá òsì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára. Mi ò mọ ìgbà tí mo súnmọ́ ọn. Mo na apá mi méjèèjì, mo fẹ̀yìn kan ògiri náà, mo nawọ́ sókè kí n mọ bó ti ga tó.

"Kí lò ń wọ̀n?"

Ọkọ mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ apá kalẹ̀, mo ní kò sí.

Ó wo ògiri, ó wo fèrèsé. "Igi òfì rẹ máa gba ibẹ̀," ó ní.

Mi ò mọ̀ pé ó ṣì rántí pé mo ní igi òfì rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ òkú lójijì. Kò sí ìjókòó nínú yàrá náà àfi búlọ́ọ̀kù méjì, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ìyá Tóyìn, mo mọ̀ pé o ò ní padà."

Òjò ń lu páànù lórí wa. Mi ò sẹ́, mi ò sì gbà. Mo ní ta ló sọ fún un.

Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun. Ó ní ní ọjọ́ tí mo gbé odó fún Nàfísátù ni òun ti mọ̀, nítorí pé ìyá òun gbé ọlọ rẹ̀ fún aládùúgbò kó tó wá bá wa ní Òndó. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un kó tó kú. Bàbá náà jókòó sí ìdí ilé, wọ́n gbé ọlọ náà kọjá níwájú rẹ̀, ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, kò sì la ẹnu. Ó ní òun lọ kí i nígbà kan ní oko, òun bá a tó ń sun iṣu jẹ láìsí epo. Òun ní kí ló dé tí kò lọ mú ìyàwó rẹ̀ padà. Bàbá náà ní ẹnu ọ̀nà òun ṣí sílẹ̀, bí ó bá wù ú kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ gba ibẹ̀ jáde.

Àánú rẹ̀ ìbá ṣe mí, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Mo ní ìyẹn ni pé ó ti mọ̀. Mò ń ká aṣọ, mò ń di ẹrù, mò ń sunkún sínú ìkòkò, ó mọ̀, ó sì jókòó ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ìlà kan ṣoṣo ni mò ń kà," ó ní. "Mi ò kúrò lójú ìlà náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Ó yí fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá bi ọ́, o lè dá mi lóhùn."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kejì. Ó ní òun ti rò ó pé bí òun bá bá mi dé Èkó, bóyá níwájú òkun yẹn òun yóò rí ẹnu sọ ọ́. Òun kò fẹ́ wo òkun kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti tú gbogbo ẹrù mi sílẹ̀. Mo sọ ti òfì. Mo sọ ti aṣọ tí mo gé ní ìdajì, pé ìgbà tí mo ti parí rẹ̀ lójú àlá kò níye. Mo ní bí ó bá ti bi mí ni, mo lè ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, èmi fúnra mi lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bi mí. Àpótí ìwé rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ bí àlejò pàtàkì, èmi jókòó tì í.

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò sọ pé kí n rọra, kò sọ pé ó ti pẹ́.

"Àyè wà," ó ní. "Bí a bá tún ẹrù náà tò, igi òfì ìbá wọ inú ọkọ̀. Awakọ̀ ló ń kánjú, ó ti ń kùn, ojú tì mí láti ní kó tú u palẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn."

Ẹ wò mí o. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Òndó ni mo ti gbà pé ọkọ mi kò ka iṣẹ́ mi sí, mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe oúnjẹ, mo ti fi bora sùn. Ojú awakọ̀ kan ló tì í. Bí ó bá kórìíra òfì, ìyẹn ìbá rọrùn fún mi láti gbé lọ sí Èkó. Mo sunkún, mo sì tún rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ lé orúnkún mi, ó wojú fèrèsé títí mo fi nu ojú mi tán.

Bàbá Sùrájù wọlé wá sọ fún wa pé òjò ti dá, ó sì bi wá bóyá ilé wù wá. Ọkọ mi ní ilé dára, ṣùgbọ́n òun kò lówó rẹ̀, òjò ló gbé wa dé ibẹ̀. Bàbá náà ní òun ti mọ̀ tipẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé kì í jókòó sórí búlọ́ọ̀kù sunkún. Ọkọ mi wá bi í pé bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sí Dùgbẹ̀. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Bàbá náà fi ibi tí a ó dúró sí hàn wá. Níbẹ̀, ọkọ mi tún bi obìnrin kan tó ru igi, bọ́ọ̀sì dé, ó tún bi kọńdọ́kítọ̀. Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀ o, Bàbá Tóyìn, ẹ má lọ bi ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ó jókòó sí títí a fi dé.

Ní Dùgbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti wà ní sẹpẹ́. Èrò ń ti ara wọn. Ó gbé ẹrù mi wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá àyè lẹ́bàá fèrèsé fún mi, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ gbé àpótí tirẹ̀. Mo yọjú, mo rí i tó dúró lórí ilẹ̀, àpótí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó gòkè, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.

Ó ní òun kò lọ mọ́. Òkun kò ní gbẹ. Ó ní bí òun bá tẹ̀lé mi, inú pálọ̀ Tóyìn ni òun yóò jókòó sí, nígbà tó bá yá ojú ayé ni yóò mú mi tẹ̀lé òun padà, òun kò sì fẹ́ kó jẹ́ ojú ayé.

"Bàbá mi ò lọ bi ìyá mi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ó ní. "Èmi fẹ́ wá bi ọ́. Tí iṣẹ́ ọmọ bá ti fúyẹ́. Ṣé kí n wá?"

Gbogbo èrò tó wà ní fèrèsé ló ń wò wá. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dúró dè nìyí, ó dé tán. Ọkọ̀ fọn kí n tó dá a lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó fi àpótí sílẹ̀, ó ń rìn tẹ̀lé fèrèsé mi, ó ń yára sí i, ó tún béèrè, ohùn rẹ̀ ti ròkè báyìí:

"Ìyá Tóyìn, ṣé kí n wá?"

Mo ní kó wá. Ariwo irin gbé e mì. Mo yọ orí àti èjìká síta, mo pariwo rẹ̀ bí ẹni tí ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò: "Ẹ wá o!" Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó ti dúró, ó ń kéré sí i.

Mo ní kó wá ni o, mi ò sọ pé màá bá a padà. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn fún ara mi títí tí a fi dé ìdí rélùwéè Ìdó ní Èkó, mo sì tẹnu mọ́ ọn ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wẹ ọmọ, tí mò ń se àgbo, tí Tóyìn mú mi lọ wo òkun tí mo sì rí i pé omi ni lóòótọ́, ó pọ̀. Àárò ọkọ mi sọ mí níbẹ̀, mo sọ ọ́ báyìí, kò ni mí lára. Mo fẹ́ kó rí i.

Ọmọ náà ti ń jókòó fúnra rẹ̀ nígbà tí Tóyìn wọlé bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ojú rẹ̀ rú. Ó ní bàbá òun wà níta, kò sì gbà láti wọlé. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun wọlé.

Ilé ọmọ rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tóyìn ní kí n ṣàánú, oòrùn mú, àwọn ará ilé ti ń yọjú wo bàbá òun. Mo ní kó fara balẹ̀. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́ kí ìbéèrè náà wà nínú yàrá pẹ̀lú mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wé gèlè mi, mo sì jáde lọ bá a.